Ahọ́n Igba Ó Lé Mẹ́rin

Ọjọ́ tí nǹkan náà mú mi, òjò ń rọ̀, iná sì ti lọ láti àárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì ní Ìwó níbí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, kí n sì bá wọn dì í. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wá, tábìlì ìṣirò ló kún inú rẹ̀. Bí a ṣe ń dúró kí jẹnẹrétọ̀ dìde, ó yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju èékánná ọmọ ìka lọ.

"Ẹ gbé e lé ahọ́n, sà. Ẹ má gbé e mì o."

Mo gbé e lé ahọ́n. Ìyàwó mi, tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi, gba tirẹ̀. Mo ń retí nǹkan. Ìwé ni. Ó rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n bí ìwé ṣe ń lẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ìyàwó mi ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń tutọ́ sínú òjò.

"Kí lẹ fún mi jẹ yìí? Ó korò ju dọ́ńgóyárò lọ! Kò korò lẹ́nu tiyín ni?"

"Rárá."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, bàbá àwọn ọmọ."

Mo gba òmíràn. Mo gba ẹ̀kẹta. Kò sí nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kẹ́míkà kan ni wọ́n fi rẹ ìwé náà ní yàrá ìwádìí, pé ẹlòmíràn máa ń mọ ìkorò rẹ̀, ẹlòmíràn kì í mọ̀ ọ́n; ẹ̀bi mi kọ́, wọ́n bí i mọ́ mi ni. Mo mọ ìkorò ewúro, mo mọ ìkorò ògùn ibà. Èyí nìkan ni mi ò mọ̀. Nǹkan wà lórí ahọ́n mi tó ń pọ́n ìyàwó mi lójú, mi ò sì ní ọ̀nà kankan tí mo lè gbà dé ibẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ oúnjẹ mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ronú nǹkan mìíràn dáadáa.

Ọdún kọkànlá nìyí tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo ti tẹ kai-sikúẹ́à, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ kan kì í ṣe èèṣì, ju iye tí mo lè kà lọ, bí mo sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń gbàgbé rẹ̀, bí alágbàfọ̀ ṣe ń gbàgbé aṣọ oníbàárà. Lẹ́yìn ọjọ́ òjò yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí tábìlì wọn ń sọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Ibi tí wọ́n ti dà á kọ, wọn kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Mo wá ń kà á fúnra mi lórí fóònù. Mo gbé ètò ìṣirò ọ̀fẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó lè fi ṣe ohun tí olùkọ́ yóò fi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò le. Gbogbo ẹni tó bá ti gbéyàwó láìpẹ́ yìí ló mọ AA, AS àti SS, torí àlùfáà kò ní so yìgì títí wọn yóò fi mú èsì wá. Bàbá fún ọmọ ní apá kan, ìyá fún un ní apá kan. Bí ìkorò ìwé yìí ṣe ń wọ inú ìdílé nìyẹn. Ẹni tó bá gba apá tó mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ó tó, yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí apá rẹ̀ méjèèjì kò mọ̀ ọ́n, ìwé lásán ni yóò máa jẹ. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n ló dà bí SS nínú ìṣirò náà, àmọ́ kò sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé èèyàn lè ti orí ohun tó rí mọ ohun tí kò rí. Bí ẹni mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kò bá mọ ìkorò náà, a jẹ́ pé apá tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo apá tó wà láàárín ìlú, torí 0.3 lọ́nà 0.3 ni 0.09. Mo ka ìlà yẹn ní ìgbà mẹ́ta, mo wá dìde lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má bàa wá dí mi lọ́wọ́.

Mo ra ìgò mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò yàrá ìwádìí ní Ìbàdàn, ọgọ́rùn-ún ìwé nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo la ìlà méje sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan: nọ́ńbà ẹni náà, ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, nọ́ńbà bàbá, nọ́ńbà ìyá, ìdáhùn, àti aago. Ìdáhùn jẹ́ M fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, K fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìlà aago kò ní ìdí kankan. Àṣà ṣọ́ọ̀bù ni. Gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé la máa ń kọ aago sí lára.

Àwọn oníbàárà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà mo wá rí i pé oníbàárà kan ṣoṣo kò wúlò fún mi, mo nílò bàbá, ìyá àti ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí mo ti lè rí wọn pọ̀ ni agbo ilé wa, lẹ́yìn ìrun àsùbá, kí oníkálukú tó jáde lọ sí oko àti ọjà. Báyìí ni mo ṣe ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ìgò mi àti ìwé mi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ni ó kan ilé bàbá wa gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ni àgbà tó kù fún wa, gbogbo wa ló ń pè é ní Ìyá Àgbà. Mo kọ́kọ́ fún un.

"Kí lo tún kó dé? Ṣé ó ń yóni?"

"Ẹ gbé e lé ahọ́n, mà."

Ó gbé e lé e. Ojú rẹ̀ fún. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí irú èyí mọ́! Ṣé ogún mi ni ẹ fẹ́ tètè pín? Ilé àmọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní o, ó sì ti ń jò!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ M. Mo jókòó, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ SS àti AA fún wọn, torí mo fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní bí SS méjì kò ṣe lè bí AA, bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì tí kò mọ ìwé yìí kò lè bí ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń ka hádíìsì.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kàn. Kẹ̀kẹ́ ló ń wà. Ó gbé pákò rẹ̀ lé ojú fèrèsé, ó fi omi yọ ẹnu, ó gba ìwé náà. Ó dúró díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ìwé lásán ni."

Ìyàwó rẹ̀ gba tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, kì í pe orúkọ mi, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé kì í ti í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Akọ̀wé ló sọ mí.

"Akọ̀wé mi, èmi náà ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o. Ṣé kì í ṣe pé ìwé tẹ́ ẹ kò rí tà lẹ ń fún wa jẹ?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ti bá ara yín mu," ni Ìyá Àgbà wí. "Abájọ tí ọbẹ̀ yín fi ń rí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Mo kọ K, mo kọ K. Ìgbà yẹn ni ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé omi dé láti ìdí kànga. Ó na ọwọ́ pé kí n fún òun náà. Mo fún un. Kò tíì pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí ó fi tu ìwé náà sílẹ̀, tó ń fi aṣọ ilé-kéwú rẹ̀ nu ahọ́n, omijé sì ti dé ojú rẹ̀.

Mo wo ìwé mi. Mo wo ọmọ náà. Mo sì la ẹnu mi.

"Kò ṣeé ṣe. K ló yẹ kó jẹ́."

"Kí ló dé?" ni Ìyá Àgbà bi mí.

"Bàbá K, ìyá K. Kò lè jẹ́ M."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń wo ìlà inú ìwé, mo rò pé mo ti ṣi nọ́ńbà kọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, àbúrò mi ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọjà tó ti rà tipẹ́, tó wá ń fura pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó jáde. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó wà nínú ìwé mi.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bá ni ó ń rà jẹ ní gáréèjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un sọ fún mi. SS méjì kò lè bí AA?"

"Wọn ò lè bí i."

"Ti ìwé yín yẹn náà rí bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ó máa ń yẹ̀ nígbà mìíràn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó nínú mélòó?"

Mi ò mọ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan, àmọ́ iye yẹn gan-an, tí èmi fúnra mi rí nínú ìlú yìí, mi ò ní in lọ́wọ́. Ẹnì kan wọlé wá ṣe fọ́tókọ́pì ojú ewé méjì, mo ṣe é fún un, ó lọ. Àbúrò mi ṣì jókòó.

"Mi ò mọ̀," ni mo sọ.

Ó dìde. "Ẹ mọ èyí tó kù tán."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ìyàwó rẹ̀ wá. Ó ti di ẹrù, ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé. Olúpọ̀nnà ni wọ́n bí i, ibẹ̀ ló ń lọ. Ó kúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù mi bó ṣe máa ń kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín. Bó bá jẹ́ ará ìta ló sọ ọ́, ẹ̀yin ni ǹ bá wá fẹjọ́ sùn fún." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ó ní òun máa mú wa lọ sí Ìbàdàn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un, kó lọ ṣe é. Àmọ́ ọjọ́ tó bá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, kó máa bá èsì rẹ̀ gbé. Èmi ò ní bá òun àti èsì náà gbé."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ń wo ìka mi lórí kíbọ́ọ̀dù. Inú mi kò bàjẹ́ bí mo ṣe rò pé inú èèyàn máa ń bàjẹ́. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Mo padà sídìí iṣẹ́ tí mò ń tẹ̀, mo sì rántí pé mo tẹ ojú ewé mọ́kànlá láìṣi lẹ́tà kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ibi tí àṣìṣe wà. Mi ò wá a torí ìfẹ́ ìṣirò mọ́. Mo wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Igba ó lé mẹ́rin ènìyàn ló ti wà nínú ìwé mi nígbà náà, ọgbọ̀n nínú wọn sì jẹ́ K. Nígbà tí mo wá to òbí mọ́ ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tọkọtaya mẹ́rin ló jẹ́ K sí K. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n bí láàárín ara wọn, mẹ́fà nínú àwọn ọmọ náà sì mọ ìkorò. Mẹ́fà nínú mọ́kànlá! Bí òfin náà bá jẹ́ òótọ́, kò yẹ kí n rí ẹyọ kan. Bí gbogbo àwọn ìyá wọ̀nyẹn bá sì ti dalẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ilé kan tó dúró ní agbo ilé wa. Mo mọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ fura sí ni ìwé àkọsílẹ̀ mi.

Mo ń wá nọ́ńbà tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì, ni mo bá ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo wọn bí aago wọn ṣe tẹ̀ léra. Ni mo bá rí i. Àwọn K kó ara wọn jọ sókè. Àwọn tí mo fún ní ìwé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù jẹ́ ọ̀kanlélọ́gọ́ta, mẹ́tàdínlógún nínú wọn jẹ́ K. Àwọn tí mo fún lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán jẹ́ mẹ́tàlélógóje, mẹ́tàlá péré ló jẹ́ K. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, mẹ́sàn-án lọ́sàn-án. Kai-sikúẹ́à rẹ̀ jẹ́ 12.02, nígbà tó jẹ́ pé 3.84 ti tó láti mú kí èèyàn fura.

Mi ò tètè yọ̀. Àwọn ti àárọ̀ jẹ́ ọmọ agbo ilé kan náà, ó lè jẹ́ pé K ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Mo ṣa àwọn ọmọ agbo ilé wa tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án sọ́tọ̀: mẹ́rìnlélógún, méjì péré ló jẹ́ K. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn kì í sì wo aago.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lẹ́yìn àsùbá, láìmú ìgò dání. Mo kàn ń wo àwọn ènìyàn. Ẹni tó jáde ní yàrá, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó kí mi, pákò ló kọ́kọ́ yọ. Orín àta ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, gbòǹgbò tí wọ́n ń hú ní oko ìdílé wa lọ́nà Ilé-Ogbó. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ó máa ń ta èèyàn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ètè àti ahọ́n á kú, ìdí nìyẹn tí ẹni tí eyín ń dùn fi ń wá a. Láti kékeré ni mo ti ń fi fọ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu ní ìwé tọ́ wò, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Àwọn ọmọdé kì í lò ó torí títa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi jẹ́ K, tí àwọn ọmọ fi jẹ́ M.

Mi ò lè fi ahọ́n ara mi dán an wò. Ìwé lásán ni yóò máa jẹ́ fún mi, pákò tàbí láìsí pákò. Mo lọ bá Ìyá Àgbà, ẹni tí kì í lo pákò mọ́.

"Orín àta kẹ̀? Eyín mẹ́fà tó kù mí lẹ́nu, o fẹ́ kí n fi rún gbòǹgbò igi?"

"Ẹ jẹ́ kí n fá a sí yín láhọ́n, mà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà tí o wà ní kékeré, o kì í da èèyàn láàmú báyìí." Àmọ́ ó la ẹnu.

Aago mẹ́fà àbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fá a sí i láhọ́n. Ìṣẹ́jú méjìlá lẹ́yìn náà, mo fún un ní ìwé. Ó gbé e síbẹ̀, ó ń wò mí, ó ń dúró de ìkorò náà.

"Ìwé ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó ti lọ."

Ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fún un ní òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ èébú rẹ̀ níbi tó ti dá a dúró. Mo ṣe é fún ẹni mẹ́rin mìíràn tó jẹ́ M, mẹ́ta nínú wọn di K títí ẹnu wọn fi jí.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Olúpọ̀nnà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Bàbá ìyàwó àbúrò mi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Ìyàwó wa jókòó ti ìyá rẹ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo ń sọ fún un nípa ọ̀kanlélọ́gọ́ta àti mẹ́tàlélógóje. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ṣé ẹ ti tún fún bàbá ọmọ mi ní ìwé náà tọ́ wò?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́."

"Kí ẹ má ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti dá a padà. Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wà níbẹ̀."

"Bí kò bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ló béèrè, kì í ṣe òun.

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní ó lè ṣẹlẹ̀. Mo ní bó bá ṣẹlẹ̀, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí sí ẹnikẹ́ni, torí òfin náà ń yẹ̀, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa mú kí àbúrò mi gbà á gbọ́.

"Ẹ lọ sọ fún un," ni ìyàwó wa wí. "Èmi mọ ohun tí mo mọ̀."

Àbúrò mi kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá Àgbà ló ránṣẹ́ pè é, mi ò sì mọ ohun tó sọ fún un. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó wa àti ìyá rẹ̀ dúró, wọn kò gba àga. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Mo fún àbúrò mi ní omi kó fi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún un ní ìwé.

Kò ṣe nǹkan kan. Mo ń wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnu rẹ̀ wá yí díẹ̀ lápá kan. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó korò àbí kò korò?" ni Ìyá Àgbà wí. "Sọ̀rọ̀ sókè, ìgbà àkọ́kọ́ o ò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

"Ó korò."

"Èmi ò gbọ́."

"Ó korò, mà! Ó korò!" Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì ń sunkún, mi ò sì mọ̀ bóyá ìwé náà ló fà á.

Ìyàwó wa yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ti gbọ́." Ó kí Ìyá Àgbà, ó gbé báàgì rẹ̀, wọ́n padà sí Olúpọ̀nnà. Ọjọ́ kejìlá ló tó padà wá, lẹ́yìn tí àbúrò mi àti àgbà méjì nínú ìdílé ti lọ bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà padà sí ilé-kéwú rẹ̀. Àbúrò mi ń jẹun nílé. Èmi, ìyàwó wa kò pè mí ní Akọ̀wé mi mọ́, bàbá ló ń pè mí báyìí. "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ó máa ń kúnlẹ̀ dáadáa, kò sì sí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé kò ṣe fún mi. Ìyàwó tèmi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti lọ. Ó ní kò sí nǹkan, bàbá.

Mo ronú pé mi ò ní ṣí ìwé náà mọ́. Mo ṣí i. Àwọn mẹ́tàdínlógún tí mo kọ K fún láàárọ̀, nọ́ńbà wọn ti wọ ibẹ̀, irọ́ ni mo sì kọ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹlòmíràn kọ́ ló máa wá bá mi pa á rẹ́. Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọ̀sán, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, nínú yàrá, láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mi ò ṣàlàyé SS fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo máa ń sọ pé mò ń ṣe àtúnṣe ni. Ó gbà mí ní oṣù méjì. Mọ́kànlá nínú wọn di M.

Báyìí ni tábìlì náà ṣe rí lónìí. Igba ó lé mẹ́rin ènìyàn. K jẹ́ mọ́kàndínlógún, ìyẹn mẹ́sàn-án lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Apá tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́ 0.305. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, iye náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 9.8 àti 9.1. Nínú tọkọtaya mẹ́rin tó jẹ́ K sí K, méjì ló kù. Ọmọ márùn-ún ni àwọn méjèèjì bí. Mẹ́rin nínú wọn kò mọ ìkorò náà. Ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Mo ti fún un ní ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti fún àwọn òbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́sàn-án gbogbo, ẹnu fífọ̀ gbogbo. Kò yí padà. Wọn kò mọ ohun tí mò ń wá, mi ò sì kọ nọ́ńbà wọn síbi tí ẹnikẹ́ni lè rí i. Mo fi iye náà sínú ètò ìṣirò kí ó sọ ẹ̀ẹ̀melòó nínú mélòó tí òfin náà ń yẹ̀ ní Ìwó. Ó ní ẹyọ kan nínú márùn-ún. Àmọ́ torí ọmọ márùn-ún kéré jù láti fi mọ̀ ọ́n dájú, ó ní ó lè kéré tó ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè pọ̀ tó 71.6 nínú ọgọ́rùn-ún.